Èmi àti Ìyá Mónìkà ní Àjàṣẹ́



Lẹ́yìn Mísà ọjọ́ Ìsinmi kan, ìyá kan dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní: «Katikíìsì, ẹ̀yin tí ẹ máa ń kọ̀wé fún wa lórí ọ̀ràn tọkọtaya, ǹjẹ́ ẹ̀yin àti ìyàwó yín ti jọ jáde lọ síbì kan rí, tí kì í ṣe ilé òkú, tí kì í sì í ṣe ilé ìwòsàn?» Mo dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀ẹ̀kan péré. Ó ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé ìjọ. Mo ti ṣèlérí fún un kí n tó rántí ohun tó wà nínú ìtàn náà.

Ọdún 2017 ni, ọdún kẹrìnlá ìgbéyàwó wa. Ọjọ́ Ajé ni Nóẹ̀lì bọ́ sí, ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún sì bọ́ sí ọjọ́ Ìsinmi. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ Fádà láti ọjọ́ Ẹtì títí di ọjọ́ Ìsinmi náà, a sì kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá mi. Owó tó wà lọ́wọ́ wa jẹ́ 45.000 fráǹkì, èyí tí Ìyá Mónìkà kó nínú àjọ tó ń dá. Èmi fẹ́ kí a fi ra páànù sí ilé ìdáná. Òun ló kọ̀. Ó ní páànù kò ní sá lọ, òun fẹ́ rí olú-ìlú kí ẹsẹ̀ òun tó wúwo.

Àwọn ará ilé bi wá pé olú-ìlú wo, ṣé kì í ṣe Kútọnu ni? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ti ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ wa ti ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá 1990 sọ ọ́ nínú ẹsẹ̀ kìn-ín-ní pé Porto-Novo ni olú-ìlú, èyí tí àwa ń pè ní Àjàṣẹ́. Kútọnu ni Ààrẹ àti àwọn mínísítà jókòó sí, ibẹ̀ ni owó wà, ṣùgbọ́n Àjàṣẹ́ ló ni oyè. Mo mọ àwọn ilé kan tó rí bẹ́ẹ̀: bàbá ló ni orúkọ, ìyá ló ni kọ́kọ́rọ́.

A wọ takisí ní ìdájí, a gba Pọ́bẹ̀ àti Sákétè kọjá. Ẹ̀gbọ́n mi kan ń gbé ní Àjàṣẹ́, ilé rẹ̀ ni à bá sì wọ̀ sí bí àṣà ti wí. Ìyá Mónìkà ní bí a bá wọ̀ síbẹ̀, òun yóò bá wọn dáná, òun yóò bá wọn fọ abọ́, kí wá ni ìyàtọ̀ ibẹ̀ àti ilé? Òótọ́ ló sọ. A sanwó yàrá ní Songhaï, ilé-iṣẹ́ àgbẹ̀ tí Fádà Godfrey Nzamujo ti ẹgbẹ́ àwọn Dominikénì dá sílẹ̀ ní 1985. Wọ́n fi hàn wá bí wọ́n ti ń sọ ìgbẹ́ ẹran di gáàsì tí a fi ń dáná. Ìyá Mónìkà yí i po lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ti ẹ̀gbọ́n mi, ó ṣì ń bínú títí di òní.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta mo di olùkọ́. Mo ti kọ gbogbo ibi tí a ó dé sínú ìwé kékeré kan. A lọ sí ààfin Honmè, mo sì sọ ìtàn Ọba Toffa, tó jọba láti 1874 títí di 1908, tó bá àwọn Faransé dọ́wọ́ pọ̀ nítorí ìbẹ̀rù ogun Dàhọ̀mì. Kí ẹni tó bá fẹ́ dá a lẹ́bi rántí pé ogun Dàhọ̀mì yìí kan náà ló pa Kétu wa run ní 1886. A dé mọ́sálásí ńlá, èyí tí àwọn Àgùdà kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín jẹ. Mùsùlùmí wà láàárín àwọn tó padà bọ̀ láti Bàhíà ní Bràsílì, irú ilé tí ojú wọn sì ti mọ̀ níbẹ̀ ni wọ́n kọ́: ó jọ ṣọ́ọ̀ṣì láti òkè dé ilẹ̀. Ìyá Mónìkà ti gbé ọwọ́ dé iwájú orí láti ṣe àmì àgbélébùú kí n tó gbá a lọ́wọ́ mú.

Mo ń rìn níwájú, mo ń sọ̀rọ̀. Ó ń bọ̀ lẹ́yìn, kò fèsì. Ìgbà tí àwọn ọmọdé oníkalétà dí wa lọ́nà pẹ̀lú ìlù àti ìbòjú wọn nìkan ni mo rí ẹ̀rín rẹ̀.

Ọ̀sán ni a wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n fi orúkọ Alexandre Sènou Adandé pè. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń mú wa kiri, Faransé rẹ̀ dán. A dé iwájú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kan, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tiwa, tó dá wà. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní láti bu ọlá fún àwọn ìyá ni, àti pé UNESCO kéde rẹ̀ ní 2001 pé ó wà lára ìṣúra gbogbo ayé. Mo ń mi orí bí ọ̀mọ̀wé. Ìyá Mónìkà bi í ní Yorùbá pé: «Èkejì rẹ̀ dà?»

Ọmọ náà kò mọ ohun tí yóò sọ. Ìyá Mónìkà ní: «Nílé wa, èjì-èjì ni wọ́n ń jó. Ẹni tó gbẹ́ èyí ti gbẹ́ èkejì rẹ̀.» Ó wá fi hàn án bí wọ́n ti há inú rẹ̀ kí ó má baà wúwo lórí oníjó, àti ihò tí wọ́n ń gba okùn inú rẹ̀ so aṣọ mọ́ ọn. Ọmọ náà yọ bíìkì, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo ní: «Ta ló kọ́ ẹ?»

Ó ní: «Bàbá mi. Èmi ni mo máa ń lọ ọ̀dà fún wọn.»

Ọdún mẹ́rìnlá! Àgbẹ̀ ni mo mọ àna mi sí. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi sọ fún mi. Ó ní: «Ẹ ò jẹ́ kí n sọ. Ẹ rántí àpótí kékeré tí wọ́n fi ránṣẹ́ nígbà tí a bí Mónìkà?»

Mo rántí. Àpótí ìjókòó ni, ojú obìnrin tó wé gèlè wà lára rẹ̀. Ọmọ ilé semináárì ni mí, mo ní ojú òrìṣà kò ní wọ ilé katikíìsì. Mo ní kí ọmọdé kan gbé e padà, n kò tilẹ̀ fi ọ̀rọ̀ rán an. Ìyá Mónìkà ní: «Kì í ṣe òrìṣà. Ojú ìyá tó bí wọn ni.» Àna mi kò tún wọ ilé wa títí tó fi kú ní 2011. Èmi rò pé ẹsẹ̀ ló ń dùn ún.

Mo ti ìwé kékeré náà bọ àpò. Mo bi í pé, ibo ni ìwọ fẹ́ lọ? Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo bi í nìyẹn láti ìgbà tí a ti kúrò nílé. Ó ní etí ọ̀sà. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní Kétu, tí ẹ mọ ohun tí a ń pè ní ọ̀wọ́n omi, ó yé yín. A jókòó, a ń wo ọkọ̀ àwọn apẹja àti àwọn mọ́tò tó ń gorí afárá. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní: «Gbogbo omi yìí, kò sì sí ẹni tó to garawa síbẹ̀.» Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Kò dá mi lóhùn. Ó ní kí n lọ ra àkàrà wá.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ Ìdílé Mímọ́, a lọ sí Mísà ní katidírà. Ìwé Ìyìn Rere tó bọ́ sí ọjọ́ náà ni ti Jósẹ́fù àti Màríà tí wọ́n gbé ọmọ lọ sí Jerúsálẹ́mù, tọkọtaya mìíràn tó lọ sí olú-ìlú. Wọ́n lu alounloun, ọ̀pá onírin tó ní òrùka lára, tí wọ́n fi ń yin ọba Àjàṣẹ́ láyé àtijọ́. Ẹyẹ ọba ló máa ń wà ní orí rẹ̀. Nínú ìjọ Kátólíìkì, àgbélébùú ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Mo ṣàlàyé èyí sí Ìyá Mónìkà létí. Ó fi ìgúnpá gún mi. Ó ní: «Àwọn yìí wá àyè fún un.»

Ní ọjọ́ kejì oṣù Kìn-ín-ní 2018, mo lọ sí ilé àna mi. Ìyá ìyàwó mi kò bi mí léèrè ohun tí mo wá ṣe. Wọ́n wọ yàrá, wọ́n gbé àpótí náà jáde. Ikán ti jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Wọ́n ní: «Ẹ pẹ́ o.»

Káfíńtà bá wa fi ẹsẹ̀ mìíràn sí i, igi rẹ̀ kò bá ti ìyókù mu. Ó wà ní pálọ̀ wa, ẹni tó bá wọlé yóò rí i. Ní ti páànù ilé ìdáná, oṣù Kẹfà ni mo tó rí owó rẹ̀. Òjò ti pa Ìyá Mónìkà lẹ́ẹ̀mejì nídìí ààrò kí ó tó dìgbà náà, kò sì ráhùn.