Orúkọ Crowther

Ilé ni à á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Crowther, orúkọ ìdílé tí ó fìdí múlẹ̀ jù lọ ní apá ìwọ̀-oòrùn Yorkshire, túmọ̀ sí ẹni tí ń ta ohun-èlò olókùn kan tí ó jọ gòjé, èyí tí àwọn ará Wales ń pè ní crwth.

Ní ọdún 1825, ní Sàró, ni a fi orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Samuel Crowther, ṣe ìrìbọmi fún Àjàyí ọmọ Òṣoogùn, ẹni tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864. A kò wí pé ó burú. Ṣùgbọ́n bí orúkọ eléré Gẹ̀ẹ́sì bá yẹ Bíṣọ́ọ̀bù, èéṣe tí ọmọ onílù wa yóò fi máa tijú àti jẹ́ Àyándélé? Ẹ̀yin ènìyàn wa, ẹ wádìí orúkọ àlejò kí ẹ tó sọ ti baba yín nù.