Ká yéé fi ẹwà ìgò ra wáìnì

Àsìkò Kérésì la máa ń ta wáìnì jù, ibẹ̀ náà ni owó wa sì máa ń há sí. Kí ló fà á? Ẹwà ìgò àti ẹ̀dínwó là ń wò.

Gbogbo wáìnì kọ́ ló ń dára sí i bó bá ṣe ń pẹ́. Ẹ wo Beaujolais Nouveau ti ilẹ̀ Faransé. Ọjọ́bọ̀ kẹta oṣù kọkànlá ni wọ́n ń gbé e jáde lọ́dọọdún, àjàrà tí wọ́n kórè lọ́dún náà gan-an ni wọ́n sì fi ṣe é. Títun ni wọ́n ń mu ún. Ẹni tó bá rà á ní ọ̀pọ̀ lẹ́yìn ọdún 2, gbèsè ló rà. Ṣùgbọ́n wáìnì pupa Rioja ti ilẹ̀ Sípéènì, tí wọ́n bá kọ "Reserva" sí i, ó ti lo ọdún 3 ó kéré tán kó tó dọ́jà. "Gran Reserva" ti lo 5. Ìyẹn lè dúró dè wá.

Nítorí náà, ká ka ara ìgò: ibi tó ti wá, ọdún ìkórè, àti nọ́ńbà NAFDAC. Ẹni tí ò mọ̀ ọ́n kà, kó fún ọmọ rẹ̀. Ká má sì tò ó sójú oòrùn, ooru ń ba wáìnì jẹ́.

Oníbàárà tó bá gbé wáìnì kíkan fún àlejò rẹ̀, gbogbo ọjà wa ni yóò bú. Orúkọ rere ni kí gbogbo wa jọ tà.