Kí Olùrà Tó Kanlẹ̀kùn

Bí ẹ bá rìn gba àwọn àdúgbò àtijọ́ kọjá ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó, ẹ ó rí i tí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé ilé yìí kì í ṣe títà. Àwọn gbájú-ẹ̀ tí ń gbowó lórí ilé onílé ló fà á. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ta ilé bàbá yín, ẹ mọ̀ pé ìfura ni olùrà yóò bá wọlé. Ọ̀dà nìkan kò lè mú un kúrò.

Lọ́dún tó kọjá, èmi àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi ta ilé tí bàbá wa kọ́ sí Ìbàdàn. Ẹ̀gbọ́n mi àgbà, tí í ṣe dáwódù, fẹ́ kí a kun ògiri kíákíá. Èmi ní kí a kọ́kọ́ gun òrùlé. Páànù méjì ti lu, ibẹ̀ ni omi ń gbà tí ògiri yàrá ìyá wa fi dúdú, tó sì ń rùn. Bí a bá fi ọ̀dà bo ọ̀rinrin mọ́lẹ̀, òjò àkọ́kọ́ ni yóò tú àṣírí. A pààrọ̀ páànù, a sì jẹ́ kí ògiri gbẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí a tó ra ọ̀dà.

Ìyókù rọrùn. A gbá gọ́tà, a fọ kànga, a san gbèsè iná, a kó àwọn àga ògbólógbòó tó dí ọ̀dẹ̀dẹ̀ jáde. Òwúrọ̀ ni a ya àwòrán tí a fi ránṣẹ́ sí àwọn olùrà, pẹ̀lú fèrèsé ní ṣíṣí. (Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi iná fóònù ya ilé lóru; yóò dà bí àhámọ́.)

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni sàréè. Iwájú ilé ni a sin bàbá wa sí. Alágbàtà ilé dá a lábàá pé kí a tẹ́ ojú rẹ̀ pẹrẹsẹ, kí a gbin òdòdó lé e lórí. Mo kọ̀. Bí olùrà bá ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ọgbà lọ́jọ́ iwájú, tó wá kan egungun, irú ènìyàn wo ni yóò pè wá? Dáwódù ní kí a hú u, kí a lọ sin ín sí abúlé. "Ta ni yóò jí ọkọ mi lójú oorun?" ni ìyá wa bi wá. Lábẹ́ àṣà, opó kì í jogún ilé ọkọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fò ọ̀rọ̀ yẹn kọjá nínú wa. A ní kí sọ́fẹ́yọ̀ yọ ibẹ̀ kúrò nínú ilẹ̀ tí a ń tà, a sì kọ ọ̀nà tí a óò máa gbà débẹ̀ sínú ìwé àdéhùn. Owó ilé dín díẹ̀.

Bàbá wa kò ṣe ìwé ìhágún, nítorí náà ilé ẹbí ni. Bí ẹnì kan bá dá a tà láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni. Bí olórí ẹbí náà bá tà á láìfi ti àwọn èèkàn ẹbí ṣe, wọ́n lè gbé e lọ sílé ẹjọ́ kí a fagi lé e. Gbogbo wa la fọwọ́ sí i.

Obìnrin tó wá ṣèkẹta ló rà á. Ó wo àjà yàrá ìyá wa, ó fọwọ́ kan ògiri, ó ní kí a kó ìwé wá. Lẹ́yìn náà ó dúró nídìí sàréè, ó béèrè orúkọ bàbá wa, kí ó tó béèrè iye tí a ń tà á.