Fúẹ̀lì Séfà: Epo Ló Ń Dín Kù Ni, Àbí Owó?

Fúẹ̀lì séfà ni orúkọ tí àwọn oníṣòwò fún oríṣiríṣi nǹkan tí wọ́n ní ó ń dín epo tí ọkọ̀ ń jẹ kù. Mẹ́rin ló wọ́pọ̀ jù: èyí tí wọ́n ń kì bọ ihò tí mẹ́káníìkì fi ń yẹ ọkọ̀ wò lábẹ́ sitiárín, mágínẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń so mọ́ páìpù epo, oògùn oníhóró tàbí olómi tí wọ́n ń dà sínú táǹkì, àti èyí tó ń fi iná bátìrì sọ omi di gáàsì kí ẹ́ńjìnnì lè fà á pọ̀ mọ́ epo.

Ọ̀wọ́n epo ló ń bá wọn ta ọjà yìí. Kí ìjọba àpapọ̀ tó kéde ní May 29, 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán, lítà kan kò tó 200 náírà. Nígbà tó fi di oṣù kẹwàá 2024, ó ti lé ní 1,000. Awakọ̀ tó ń ná Osi sí Òmù-Àrán, tàbí tó ń kó iṣu láti Iloffa lọ sí Ìlọrin, kò lè di gbogbo àfikún yẹn ru èrò. Ẹni tó bá ní òun lè dín in kù á rí etí gbọ́.

Àlàyé àwọn oníṣòwò ni pé epo kì í jó tán nínú ẹ́ńjìnnì. Irọ́ ti kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Nínú ẹ́ńjìnnì òde òní tó dá ṣáṣá, epo tí kò jó kò tó nǹkan. Inú ooru ni èyí tó pọ̀ jù nínú agbára epo ń bá lọ, láti ara rádíétọ̀ àti sàlẹ́ńsà. Nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún agbára epo ló ń dé táyà. Kò sí mágínẹ́ẹ̀tì tó lè dá ooru yẹn padà.

EPA, àjọ tó ń rí sí àyíká ní Amẹ́ríkà, ti yẹ irú nǹkan wọ̀nyí tó lé ní 100 wò. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló dín epo kù, èyí tí wọ́n sì dín kù kéré. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Quarkslab ti ilẹ̀ Faransé tú NitroOBD2, ọ̀kan lára èyí tí wọ́n ń kì bọ ihò abẹ́ sitiárín, palẹ̀, wọ́n rí i pé kò ní ohun tó lè fi bá kọ̀ǹpútà ọkọ̀ sọ̀rọ̀; iná tó ń ṣẹ́jú ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Ní 2006, agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ Texas pe ilé iṣẹ́ BioPerformance lẹ́jọ́ lórí hóró oògùn epo. Náfútálìnì, ohun tí àwọn èèyàn ń pè ní káńfọ̀ tí wọ́n ń jù sáàárín aṣọ, ni wọ́n bá nínú rẹ̀. Ní ti èyí tó ń sọ omi di gáàsì, bátìrì ló ń tú omi, ọ́tánétọ̀ ló ń fún bátìrì lágbára, ẹ́ńjìnnì ló ń yí ọ́tánétọ̀, epo ni ẹ́ńjìnnì sì ń jẹ. Gbogbo ibi tí agbára gbà kọjá ló ti ń dín kù; ohun tó padà kò lè tó ohun tó jáde.

Síbẹ̀, awakọ̀ kan á búra pé òun rí ìyàtọ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fowó ra nǹkan kì í tẹ ọkọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ojú rẹ̀ á wà lára géèjì. Ìwà awakọ̀ ló dín epo kù, ẹ̀rọ ló gba ìyìn.

Ìdánwò tòótọ́ kò le. Kí táǹkì kún dé ẹnu, kí awakọ̀ kọ nọ́ńbà kìlómítà sílẹ̀, kó rin ọ̀nà kan náà pẹ̀lú ẹrù kan náà, kó sì tún rọ ọ́ kún nídìí ẹ̀rọ epo kan náà, nítorí mítà ilé epo kì í dọ́gba. Iye lítà tó wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì ni ọkọ̀ jẹ. Kó ṣe é léraléra, pẹ̀lú ẹ̀rọ náà àti láìsí i. Ní agbègbè olókè bíi Èkìtì àti Òkè-Ẹ̀rọ̀, àlọ àti àbọ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ìṣirò, nítorí ọ̀nà tó ń gòkè lálọ á sọ̀ lábọ̀.

Ohun tó ń dín epo kù ní tòótọ́ kò ní ìpolówó. Ìwakọ̀ oníjàgídíjàgan lè fi ìdá 15 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún epo ṣòfò lójú ọ̀nà márosẹ̀. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ lọ sílẹ̀, ẹrù tí kò pọn dandan àti ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ lórí ìdúró ń jẹ tiwọn. Bí sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ọ́síjìn inú èéfín bá bàjẹ́, ìpalára rẹ̀ lè pọ̀ gan-an. Gáàsì CNG tí ìjọba ń polówó kò sí nínú ẹgbẹ́ fúẹ̀lì séfà: epo mìíràn ni, ìyàtọ̀ iye owó ló sì ń mú èrè rẹ̀ wá. Owó fúẹ̀lì séfà, ọ̀dọ̀ fọkanáísà àti mẹ́káníìkì ló yẹ kó lọ.