Ibà ọmọ tí ọkàn rẹ̀ ní ihò kì í ṣe ti kẹ́míìsì

Ẹ̀yin ènìyàn wa ní Khaddamari àti gbogbo Jere! Ọ̀rọ̀ ọmọ ni mo gbé wá lónìí.

Àwọn ọmọ kan wà tó jẹ́ pé láti inú oyún ni ihò ti wà nínú ọkàn wọn. Ẹ̀jẹ̀ máa ń fi ipá tú gba irú ihò bẹ́ẹ̀, ibi tó bá sì ń gbá lù á máa bó. Bí kòkòrò àìfojúrí bá ti ara eyín jíjẹrà tàbí ojú abẹ wọ inú ẹ̀jẹ̀, ibẹ̀ ló máa ń lẹ̀ mọ́, á wá máa jẹ àwọn awẹ́ tó ń ṣí tó ń pa dé nínú ọkàn bí ilẹ̀kùn. Ibà tí kò lọ, òógùn òru, kí ọmọ máa rù: bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ibí yìí gan-an ni ìjà mi pẹ̀lú yín wà. Nílẹ̀ ẹlẹ́fọn bíi tiwa, gbogbo ara gbígbóná là ń pè ní ibà ẹ̀fọn. A ó sáré lọ sí kẹ́míìsì, wọn á fi kápúsù aláwọ̀ méjì kún oògùn ibà. Ara á fúyẹ́ díẹ̀, a ó dúpẹ́, ibà á tún padà. Kápúsù yẹn kò pa kòkòrò náà tán, ó kàn bò ó mọ́lẹ̀ ni. Bí dókítà bá gba ẹ̀jẹ̀ láti fi wá a, ó lè má rí i mọ́. Bẹ́ẹ̀ oògùn tó ń pa á, abẹ́rẹ́ inú iṣan ni, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń gbà á. Àwọn mìíràn á tún nílò iṣẹ́ abẹ.

Bí ara irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá gbóná, ẹ má dúró dọjọ́ kẹta. Ẹ gbé e lọ sí Tíṣìn, UMTH tó wà lójú títì Bama, kó tó gbé kápúsù kankan mì, kí ẹ sì tètè sọ ti ọkàn náà fún wọn. Ẹ máa fọ eyín rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Àwọn wanzami tó ń gé belubelu, tó ń sín gbẹ́rẹ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Bí wọ́n bá fẹ́ yọ eyín rẹ̀, kí dókítà eyín ti mọ̀ ṣáájú: àwọn kan wà, bí ọmọ tí ètè rẹ̀ ń dúdú tí wọn kò tíì tún ọkàn rẹ̀ ṣe, tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lo oògùn.

Mo mọ̀ pé owó ọkọ̀, ti káàdì àti ti àyẹ̀wò kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n a ń dá owó òkú láìjanpata. Ẹ jẹ́ ká yọ díẹ̀ níbẹ̀ fún àwọn ọmọ yìí. Màá gbé e kalẹ̀ ní ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílé, kó má fi pa mọ́ fún wa.