Ẹ̀rọ Ata Kọ́ La Rán Wọn

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ síra wa. Bí aṣòfin bá pín ẹ̀rọ ìlọta l'Óǹdó tàbí ìrẹsì l'Ákùúrẹ́, a ó ya fọ́tò, a ó ní "ó ń gbìyànjú." Ta ló ń béèrè ìgbìmọ̀ tó wà?

Aṣòfin 26 ló wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Inú ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó ni iṣẹ́ wọn gan-an wà: níbẹ̀ ni wọ́n ti ń tú àbá òfin wò, tí wọ́n sì ti ń bi kọmíṣọ́nnà léèrè owó. Abala 129 ìwé òfin 1999 fún ilé ní agbára láti ránṣẹ́ pe ènìyàn wá jẹ́rìí. Abala 125 ní kí ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó owó ìlú yẹ ìròyìn olùṣàyẹ̀wò owó ìjọba wò.

Ẹnìkan á ní ebi ń pa ìlú. A gbà. Ṣùgbọ́n ìrẹsì ọ̀sẹ̀ kan ni. Owó ilé ìwòsàn tí ẹnikẹ́ni ò bèèrè ńkọ́? Àwa tó ń kọ sọ́fítíwià mọ̀ ọ́n: kóòdù tí ẹlòmíì ò bá yẹ̀ wò, ọwọ́ oníbàárà ló ti ń bàjẹ́. Bọ́jẹ́ẹ̀tì náà nìyẹn. Ọwọ́ aláìsàn ni tirẹ̀ ti máa bàjẹ́.

Bí wọ́n bá tún wá, ká bi wọ́n: Ìgbìmọ̀ wo lẹ wà? Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ jókòó lọ́dún yìí? Ìròyìn wo lẹ kọ? Bí wọn ò bá rí èsì, kí wọ́n máa gbé ẹ̀rọ wọn lọ. Iṣẹ́ tí a rán ni là á jẹ́.