Ọgbà ọmọdé Efua Sutherland ní Accra: Ṣé ògo rẹ̀ ti wọmi ni, àbí ìrántí ló ń tan àwọn àgbà?

Fún ọ̀pọ̀ ẹbí tó ń gbé ní Accra àti Tema, ọgbà ìṣeré àwọn ọmọdé tó wà ní Ridge, nítòsí Gbọ̀ngàn Ìṣeré Orílẹ̀-èdè Ghana, wà lára ibi tí orúkọ rẹ̀ kọ́kọ́ máa ń wá sí wọn lẹ́nu bí ọjọ́ ọdún bá ti ń sún mọ́lé.

Lónìí, àwọn tó jẹ́ ọmọdé nígbà náà ti di òbí. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì sábà máa ń sọ nípa ọgbà náà ni pé kò rí bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ṣé òótọ́ ni ọgbà náà ti jó rẹ̀yìn, àbí gbogbo ibi tí ènìyàn ti ṣeré nígbà èwe ló máa ń dùn ju bí ó ti rí lọ nínú ìrántí?

Èrò wo ló bí ọgbà náà?

Efua Theodora Sutherland, òǹkọ̀wé eré orí ìtàgé tí wọ́n bí ní Cape Coast lọ́dún 1924, kò ka eré ọmọdé sí ìfàkókòṣòfò. Òun ló dá Ghana Drama Studio sílẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, òun àti ayàwòrán Willis Bell gbé ìwé kan jáde, Playtime in Africa, tó dá lórí bí àwọn ọmọ Ghana ṣe ń ṣeré.

Ọdún 1979 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọdé. Lọ́dún náà ni ìjọba Ghana dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ọmọdé, Sutherland sì ṣe alága rẹ̀. Èrò tó gbé kalẹ̀ ni pé kí ọgbà ìṣeré àti ilé ìkàwé wà pa pọ̀, kí ọmọ tó wá gun jáńgílófà lè rí ìwé kà kó tó padà sílé.

Sutherland kú ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1996. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọgbà tó wà ní Accra.

Ìtàn yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé òun ló fún wa ní òṣùwọ̀n tó yẹ. Ohun tí ọgbà náà ṣèlérí ju irin àti ẹ̀rọ lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti jó rẹ̀yìn kò gbọdọ̀ ka iye ẹ̀rọ tó ti bàjẹ́ nìkan.

Kí ló ti yí padà?

Láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn ni àwọn akọ̀ròyìn Ghana ti ń kọ̀wé nípa ohun ìṣeré tó ti dípẹtà nínú ọgbà náà, àti àwọn tó ti fọ́ tí ẹnikẹ́ni kò tún ṣe. Wọ́n tún ń yá ilẹ̀ rẹ̀ fún àríyá àti àpéjọ àwọn àgbàlagbà. Owó ń tibẹ̀ wọlé, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí àgbà bá fi jó níbẹ̀ kì í ṣe ọjọ́ ọmọdé.

Síbẹ̀, àyípadà tó tóbi jù lọ kò sí nínú ọgbà náà rárá. Ìkànìyàn ọdún 1984 fi hàn pé bíi mílíọ̀nù kan ààbọ̀ ènìyàn ló ń gbé ní ẹkùn Greater Accra. Nígbà tí wọ́n tún kà á lọ́dún 2021, wọ́n ti lé ní mílíọ̀nù márùn-ún. Ọgbà tí kò fẹ̀ sí i láàárín èrò tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin yóò há, kódà bí gbogbo jáńgílófà rẹ̀ bá ń dán gbinrin.

Ṣé ìrántí ṣe é gbára lé?

Ní ti pé àtijọ́ dára ju ìsinsìnyí lọ, ó yẹ ká ṣọ́ra. Disneyland ní Amẹ́ríkà, tí gbogbo ayé ń fi ṣe àpẹẹrẹ, ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù Keje ọdún 1955. Lọ́jọ́ náà, àwọn ẹ̀rọ kan dákẹ́, omi mímu kò tó, ọ̀dà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da sílẹ̀ sì rọ̀ nínú oòrùn débi pé bàtà àwọn obìnrin ń rì sínú rẹ̀. Díẹ̀ ló kù nínú àwọn tó ń rántí èyí lónìí.

Ṣùgbọ́n ìrántí kì í fi ìpẹtà sára irin. Ẹ̀rí àfojúrí wà pé ọgbà Accra nílò àtúnṣe, kì í sì í ṣe òun nìkan.

Ìbàdàn náà mọ irú rẹ̀

Lọ́dún 2012, Noo Saro-Wiwa, ọmọ Ken Saro-Wiwa, kọ ìwé ìrìnàjò kan lórí Nàìjíríà tó pè ní Looking for Transwonderland. Ọgbà ìgbafẹ́ kan ní Ìbàdàn ni orúkọ ìwé náà ti wá. Ohun tó bá níbẹ̀ ni ẹ̀rọ tó ti gbó àti èrò tí kò tó nǹkan.

Nínú ìlú Ìbàdàn kan náà ni Ọgbà Agodi wà. Ọdún 1967 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Omíyalé Ògùnpa bà á jẹ́ ní oṣù Kẹjọ ọdún 1980, ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tó tún un ṣe, tó sì ṣí i padà lọ́dún 2014.

Agodi fi hàn pé ohun tó bàjẹ́ ṣì lè dára. Ṣùgbọ́n owó ni ènìyàn ń san kó tó wọlé, owó náà sì lè wọ òbí tó ní ọmọ mẹ́rin lára.

Kí ló ń fà á?

Àkọ́kọ́ ni pé òkè òkun ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìṣeré àti ẹ̀yà ara wọn ti ń wá, owó dọ́là ni wọ́n sì fi ń rà wọ́n. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, ọ̀wọ́n gógó ọjà ní Ghana dé ìdá 54.1 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú oṣù kan náà ni ìjọba dá sísan ọ̀pọ̀ gbèsè rẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè dúró. Nírú àsìkò bẹ́ẹ̀, jáńgílófà kọ́ ni yóò ṣíwájú.

Àmọ́ ìráhùn lórí ọgbà náà ti wà ṣáájú ọdún 2022, nítorí náà ọ̀wọ́n gógó nìkan kọ́ ni ẹlẹ́bi. Ìdí kejì ni àṣà ìṣèjọba wa: ayẹyẹ ìṣíde máa ń ní owó tirẹ̀, ìtọ́jú ojoojúmọ́ kì í sábà ní. Tivoli tó wà ní ìlú Copenhagen ti wà láti ọdún 1843, ó sì ṣì ń gba àlejò. Ọjọ́ orí nìkan kì í pa ọgbà. Àìtọ́jú ló ń pa á.

Ohun tó kan ọmọ Tema

Nígbà tí ìjọba Kwame Nkrumah ń kọ́ Tema, iléeṣẹ́ Doxiadis láti Gíríìsì ló ya àwòrán ìlú náà. Wọ́n pín in sí àdúgbò-àdúgbò tó ń jẹ́ Community, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ fún ọjà, ilé ẹ̀kọ́ àti ilẹ̀ gbayawu. Lónìí, ìsọ̀ àti kọ̀ǹténà ti gba púpọ̀ nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ tí kò rí àyè ṣeré ládùúgbò yóò gba òpópónà Tema sí Accra, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1965, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀. Ní ìparí òpópónà náà, Accra Mall tó ṣí lọ́dún 2008 ni yóò kọ́kọ́ pàdé. Àyè eré wà níbẹ̀ fún ẹni tí bàbá rẹ̀ lówó lọ́wọ́.

Ní oṣù Kejì ọdún 1990, Ghana ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ lágbàáyé tó fọwọ́ sí Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọdé láti di òfin. Abala 31 àdéhùn náà sọ pé ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi àti eré. Gẹ́gẹ́ bí òfin yìí, eré kì í ṣe àánú tí ìjọba ń ṣe ọmọ.

Yorùbá ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Àwọn ọmọdé kò lè jókòó síbi tí wọ́n ti ń pín owó ìlú. Àgbà ló yẹ kó bá wọn béèrè: èló ni wọ́n ń yà sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún ìtọ́jú ọgbà náà? Ọjọ́ mélòó ni wọ́n ń yá a fún àríyá, níbo sì ni owó rẹ̀ ń lọ? Ní ìlú tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin, ìgbà wo ni Tema yóò ní tirẹ̀?